Àmì Láti Orí Bẹ́ǹṣì

"Má dá mi lóhùn," ni bàbá rẹ̀ wí lórí fóònù. "Màmá rẹ ti sọ fún mi pé ohùn rẹ ti lọ. Ṣáà máa gbọ́. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Ọ̀gá Òkè ń bọ̀ wá wo àṣekágbá yín."

Ọmọbìnrin náà la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún gbìyànjú. Ohun tó jáde lẹ́ẹ̀kejì dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò kán epo sí nídìí láti èṣí.

"Mo ní má dá mi lóhùn! Tọ́jú agbára rẹ. Gbogbo ará ibi iṣẹ́ ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní kí o ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ fún àwọn dáadáa. Ó dìgbà, akọni mi."

Fóònù dákẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún. Lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, Kápútẹ́nì ẹgbẹ́ wọn, tó ń to bàtà sínú báàgì, gbójú sókè.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó nà án sí i: "Èmi ni. Bàbá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Kápútẹ́nì bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àánú ṣe é, ó wá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí ìdíje ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin náà kò tíì fẹsẹ̀ tẹ pápá rí. Orí bẹ́ǹṣì ló ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá rẹ̀ kò sì mọ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ó parọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ borí, ó ya fọ́tò nínú aṣọ ẹgbẹ́, ó gbé bọ́ọ̀lù dání, ó sì fi ránṣẹ́ sílé. Bàbá béèrè pé, "Ẹ borí?" Ó ní, "A borí, Bàbá." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò béèrè bóyá ó wọ pápá, nítorí kò lè wá sí i lọ́kàn. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, níbi tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó ń dé akoto tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti wọ aṣọ agbábọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Ta ni yóò múra tán tí yóò wá lọ jókòó?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọdún aláyọ̀ ni ọdún náà. Ní èṣí, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ló gbẹ́yìn pátápátá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í wá wòran wọn àfi bí òjò bá ń rọ̀ níta. Kóòṣì tuntun wá dé, obìnrin kúkúrú kan tí fèrè rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn, kódà nídìí oúnjẹ. Ó ní kí wọ́n sáré, wọ́n sáré. Ó ní kí wọ́n tún sáré, wọ́n bú u lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì sáré. Nígbà tí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kíní, àwọn ènìyàn ní oríire ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó dárúkọ oríire mọ́, àyè ìjókòó ni wọ́n ń jà sí.

Ọmọbìnrin yìí náà sáré pẹ̀lú wọn. Àmọ́ òun àti bọ́ọ̀lù kò mọwọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jù ú sí i, àfi bí ẹni pé wọ́n bu omi sí i lọ́wọ́. Ohun tó ní ni ojú àti ohùn. Nínú eré yìí, àwọn alátakò a máa rán ẹnìkan kó yọ́ wá sẹ́yìn rẹ, kó dúró gbagidi bí ògiri, kí o lè forí sọ ọ́, kí ẹni tí ò ń ṣọ́ sì ráyè sá lọ. Ẹni tó wà nínú pápá kì í rí i, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló ń rí i, bó bá lójú. "Ògiri lọ́tùn-ún!" ni yóò ké. "Ògiri lósì, yà á!" Kóòṣì ti wí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Ìwọ yìí, o ò gbọdọ̀ dákẹ́." Kò sì dákẹ́ rí. Gbohùngbohùn ni wọ́n ń pè é.

Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó ké títí ohùn fi gé. Wọ́n fi pọ́íǹtì kan ṣoṣo borí. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, èdè bàbá rẹ̀. Bàbá ló máa ń dúró nílẹ̀ níbi iṣẹ́, tó ń fọwọ́ ṣàmì sí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù lókè fíofío, ẹni tí kò lè rí ìsàlẹ̀. Ẹni òkè náà ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Òkè, òun náà ló sì ń pe bàbá ní Ojú Mi. Láti kékeré ni bàbá ti ń bá ọmọ rẹ̀ fi àmì yìí ṣeré nínú ilé nígbà tí màmá bá ń sùn: na ìka kan sókè, kó máa yí po, gbé e sókè nìyẹn, na apá gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kó má mì, dúró nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, ó fi béèrè omi. Òpó, ọmọbìnrin gíga tó ń ṣọ́ abẹ́ apẹ̀rẹ̀, kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ń béèrè ẹran sí i. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ jẹun, fọwọ́ jà, fọwọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń bu oúnjẹ béèrè pé ṣé ohùn gbogbo wọn ló gé ni.

"Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i," ni Kápútẹ́nì wí ní alẹ́ ọjọ́ tí bàbá pè. "Sọ fún un kó tó gbéra."

Ó kọ ọ́: "Bàbá, ẹ má bínú, orí bẹ́ǹṣì ni mo máa ń wà." Ó wò ó. Ó rántí bí bàbá ṣe pè é ní akọni mi. Ó pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì gbé fèrè dání, wọ́n gbé irin, wọ́n gbé ohun gbogbo tó lè pariwo. Bàbá wà ní ìlà kẹta lẹ́yìn bẹ́ǹṣì gan-an, ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ títí tó fi ń dán. Ọ̀gá Òkè jókòó tì í, ọkùnrin títóbi kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Nọ́ńbà méjìlá yẹn," bàbá ń sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tó kàn ń kọjá. "Ọmọ mi ni. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Wọ́n fun fèrè, àwọn márùn-ún wọlé. Nọ́ńbà méjìlá kò sí níbẹ̀. Bàbá ṣì dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Kóòṣì pààrọ̀ ẹnìkan, kì í ṣe òun. Ó tún pààrọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin náà kò wẹ̀yìn, àmọ́ ó mọ ìgbà tí bàbá jókòó. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Síbẹ̀ kò lè jókòó jẹ́ẹ́, nítorí ògiri ń bọ̀ lọ́tùn-ún Kápútẹ́nì. Ó fi ìwọ̀nba ohùn tó kù ké, ọwọ́ rẹ̀ sì bá a ké e.

Nígbà ìsinmi, ó fìgboyà wẹ̀yìn. Àga méjèèjì tó wà ní ìlà kẹta ti ṣófo.

Ó rí i lọ́kàn rẹ̀: bàbá nínú aṣọ funfun yẹn, tó ń rìn lọ síbùdókọ̀, tí kò mọ ohun tí yóò sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Omi lé sí i lójú.

"Ẹ gbọ́," ni Kóòṣì ń wí. "Ní apá kejì, ọ̀hún lọ́hùn-ún la ti máa ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ wa. Ariwo yìí kò sì ní jẹ́ ká gbọ́ Gbohùngbohùn. Kódà bí ohùn rẹ̀ bá pé."

"Kó lo ọwọ́," ni Kápútẹ́nì wí. "Bí a bá ń ṣọ́ wọn, bẹ́ǹṣì la máa kọjú sí. A máa rí i."

"Ọwọ́ wo?"

Òpó na apá gbọọrọ. Gbogbo wọn dúró lójijì bí ère, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì wò wọ́n títí. Ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ṣé o lè ṣe é?"

Kò sí bàbá níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó kù láti dójú tì. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ń dúró dè é. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dúró síwájú bẹ́ǹṣì, ó ṣe bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe: ẹsẹ̀ yà díẹ̀, apá kúrò lára, àmì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó má baà dàrú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, Kápútẹ́nì yà fún ògiri. Ó na tòsì, ẹlòmíràn yà. Àwọn alátakò ń wò yí ká, wọn ò mọ ẹni tó ń tú àṣírí wọn. Láti ẹ̀yìn ni ẹgbẹ́ Kápútẹ́nì ti ń bọ̀, pọ́íǹtì kan, pọ́íǹtì mìíràn, títí wọ́n fi bá wọn, tí wọ́n sì fi pọ́íǹtì kan kọjá wọn.

Ó wá ku bíńtín kí eré parí. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú àwọn alátakò, ọmọbìnrin alábàtà pupa kan. Ògiri yọ lósì Kápútẹ́nì. Apá òsì nà. Kápútẹ́nì yà á. Alábàtà pupa já wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó bá Òpó níbẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú, ẹ̀tàn tó ti ń ṣe láti àárọ̀, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè fò, kó já lù ú, kí rẹfirí sì fún un ní ìjù ọ̀fẹ́. Ọmọbìnrin náà na apá gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Dúró.

Òpó kò fò.

Alábàtà pupa kò rí ẹni já lù ú. Nígbà tó máa fi jù ú lóòótọ́, ọwọ́ Òpó ti wà lókè. Bọ́ọ̀lù kan orí ìka rẹ̀, ó kan etí apẹ̀rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì bọ́ síta. Fèrè dún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò létò. Kóòṣì ń fun fèrè tirẹ̀ láìdáwọ́dúró. Kápútẹ́nì dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ na ilẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ọmọbìnrin náà ń fò, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, nígbà tó rí aṣọ funfun kan tó ń gba àárín èrò bọ̀ láti apá ọ̀hún, láti ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀.

Ó sáré lọ pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá," ló sọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo rò pé ẹ ti lọ."

"Lọ síbo? A lọ síbi tí a ti lè rí ọ ni! Ta ló ń dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ṣàmì?"

"Mo sọ fún un!" ni Ọ̀gá Òkè ń pariwo. "Mo ní, Ojú Mi, ọmọ rẹ ń ṣàmì! Jẹ́ ká kọjú sí i!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní láti sọ ọ́ tán. "Mi ò gbá a. Mi ò tíì wọ pápá rí láti ìbẹ̀rẹ̀."

Bàbá tẹ̀ wálẹ̀ kó lè gbọ́. Ó gbé e dìde.

"Ilé alájà gíga tí a parí léṣìí, ṣé o rántí? Ǹjẹ́ mo fọwọ́ kan bíríkì kankan níbẹ̀?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwa la kọ́ ọ!" ni Ọ̀gá Òkè dáhùn fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ńlá rẹ̀ bo orí ọmọbìnrin náà. "Ojú ẹgbẹ́ nìyí."

Bàbá fi apá aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú. Ó wá fi iṣẹ́ bò ó. "Àmọ́ apá òsì rẹ ń lọlẹ̀ jù. Ẹni tó wà lókè lè rò pé o ní kóun sọ ọ́ kalẹ̀. A ó tún un ṣe nílé."

Wọ́n pè wọ́n fún fọ́tò. Ife-ẹ̀yẹ wà lọ́wọ́ Kápútẹ́nì, àwọn yòókù ń ti ara wọn. Ọmọbìnrin náà lọ dúró sí ìpẹ̀kun ìlà, níbi tó máa ń dúró sí. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ti gbé kámẹ́rà sójú nígbà tí Òpó rí ohun kan lẹ́yìn rẹ̀, tó sì fi ìgbúnwọ́ gún Kápútẹ́nì.

Bàbá dúró láàárín pápá, ẹsẹ̀ yà díẹ̀, apá kúrò lára. Ó na ìka kan sókè, ó ń yí i po.

Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Òpó mú ọmọbìnrin náà lẹ́sẹ̀ kan, Kápútẹ́nì mú èkejì, wọ́n gbé ife náà lé e lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e sókè, ó kọjá èjìká wọn, ó kọjá orí wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ ń wo ọwọ́ bàbá, wọ́n ń dúró kó na apá kó ní kí wọ́n dúró.

Kò nà án.