Ìrẹsì Agustina Kò Dúró de Àlejò

Ní abúlé Ambuyaw, lórí òkè àwọn Ifugao, bí àlejò bá bèèrè pé ìgbà wo ló dára jù láti wá wo oko ìrẹsì tó ń gun òkè bí àtẹ̀gùn, ìdáhùn méjì ni yóò gbọ́, ó wá kù sọ́wọ́ rẹ̀ èyí tó máa mú. Rodel, tó ń gba àlejò sílé, á ti yọ fóònù kó tó lanu. Kí wọ́n wá ní Disẹ́ńbà bí wọ́n bá fẹ́ rí omi tó ń dán bíi dígí nínú pèpéle kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wá ní Épírìlì bí wọ́n bá fẹ́ rí ibi tí gbogbo òkè ti tutù yọ̀yọ̀. Kí wọ́n sì wá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Júláì bí wọ́n bá fẹ́ rí òkè tó di wúrà láti ẹsẹ̀ dé orí. Agustina, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò ní fóònù tí yóò yọ.

"Ẹ lọ bi ìrẹsì," ni yóò wí, á sì tu itọ́ pupa èso tó ń rún lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi náà, òun ni mò ń bi."

Kì í ṣe pé inú obìnrin náà burú. Òun ni tumona Ambuyaw, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan oko kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kàn án. Bí kò bá tíì gbìn, ẹnì kan kì í gbìn. Bí kò bá tíì gé tirẹ̀ tán, ẹnì kan kì í mú ọ̀bẹ jáde. Bó bá sì ti gé e tán, ọjọ́ kejì rẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi ilẹ̀: ará ilé kì í wọ oko, àlejò kì í wọ abúlé, ìgbà tí ilẹ̀ bá sì tún mọ́ ni oko tó di ti gbogbo ayé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú, ó ti di ọdún mọ́kànlélógún. Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ìyá náà bá a sọ kò gùn. Ó ní, "Eyín rẹ ni kó o fi ṣèdájọ́. Má fi ẹnu ará ilé ṣe é."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní Júláì, Agustina sọ̀kalẹ̀ lọ sínú pèpéle rẹ̀ tó tóbi jù, ó ja hóró kan lára ṣírí ìrẹsì, ó gé e jẹ. Ó fọ́ kà. Ó mú òmíràn nínú pèpéle kejì, ìyẹn náà fọ́ kà. Nígbà tó fi dé ìkẹfà, àwọn ẹyẹ ń jẹun níwájú rẹ̀ láìbẹ̀rù, ìrẹsì sì ń gbọ̀n sílẹ̀ níbi tí aṣọ rẹ̀ bá ti fara kàn án. Ohun tó gbó tí a kò ká, ilẹ̀ ni yóò bá wa ká a. Ó gòkè padà, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń ro ó, ó sì ń sọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn pé Ọjọ́bọ̀ ni òun máa gé.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Rodel fi dé, òun àti Simona ìyá rẹ̀. Ojúgbà Agustina ni Simona, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ fẹ́ ọkọ sí, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá," ni Rodel wí.

"Kú ìrọ̀lẹ́. Jókòó. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé torí Ọjọ́bọ̀ lo ṣe wá, má wulẹ̀ jókòó."

Rodel rẹ́rìn-ín, ó jókòó. "Màmá, ẹ mọ̀ pé èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n ló ń bọ̀ ní Sátidé. Láti ọdún tó kọjá la ti fún wọn lọ́jọ́. Òkè tó pọ́n ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ẹ jẹ́ kó di Mọ́ńdè."

"Ta ló fún wọn lọ́jọ́?"

"Èmi ni."

"Ìrẹsì gbọ́ sí i?"

"Màmá."

"Mò ń bi ọ́ ni. Ẹni tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún ọmọ ọlọ́mọ, ṣé kò yẹ kó ti bá ọmọ sọ ọ́?"

Simona bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó mú ẹ níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Mo ti ní kó o jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ojú Rodel le díẹ̀. Ó nawọ́ sí òkè, níbi tí ògiri òkúta ti ya lulẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. "Ògiri yẹn ńkọ́? Pèpéle mọ́kànlá ló ti gbẹ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó yẹ kó tò ó ti lọ sí Manila, wọ́n ń wakọ̀ níbẹ̀. Ohun tí a bá rí lọ́wọ́ àwọn àlejò yìí la fẹ́ fi bẹ àwọn tó mọ òkúta tò. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ràn ilẹ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Agustina, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Omi tó ń wọ oko tirẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ló ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni ìrẹsì wọn ń so. Eku kì í ka ọjọ́, òjò Júláì kò sì bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

"Ọjọ́bọ̀ ni," ó wí. "Bí gbogbo yín bá bá mi gé e bí ẹ ṣe ń ṣe, ilẹ̀ ò ní ṣú tó fi parí. Ẹtì, ilẹ̀ sinmi. Sátidé, àwọn èèyàn rẹ wọlé, wọ́n bá yín nínú oko, òkè ṣì pọ́n. Kí ló tún kù?"

"Oko yín ló wà láàárín gbùngbùn àwòrán. Ibẹ̀ ni gbogbo kámẹ́rà ń kọjú sí. Wọn ò gun òkè torí àgékù koríko."

"Kí wọ́n yí kámẹ́rà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Lọ́jọ́rú, ìpàdé ṣẹlẹ̀ nílé Rodel, wọn kò sì ránṣẹ́ pe tumona. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí olúkúlùkù fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n wo bí ìyá náà ṣe máa fi ìka kan sọ ọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, pèpéle mẹ́sàn-án, orúnkún kan ààbọ̀. Wọ́n ní kó tó di ọ̀sán, fúnra rẹ̀ ni yóò gòkè wá sọ pé ó di Mọ́ńdè.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, Agustina dúró nínú oko rẹ̀, ó ń retí. Èéfín ń jáde láti ilé gbogbo, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan kò ṣí. Nígbà tí oòrùn yọ tí kò rí ẹnì kankan, ó yé e. Kò gbójú sókè mọ́. Ó fi ọ̀bẹ ìkórè rẹ̀ kékeré há àtẹ́lẹwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìrẹsì ní ṣírí kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń gé e láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ó ń dì í ní ìdì kọ̀ọ̀kan.

Orin ìkórè wọn, ẹnì kan ní í máa lé e, àwọn obìnrin yòókù a sì máa gbè é. Agustina lé e fúnra rẹ̀, ó dánu dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń fún àwọn elégbè láyè, ó sì gbè é fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé wọ́n ń gbọ́ ọ lókè. Ó tún gbé ohùn sókè. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sí àgbàlá bíi pé agbọ̀n ni wọ́n ń hun, agbọ̀n wọn kò gùn ju ìka lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Pèpéle mẹ́rin ni obìnrin náà gé lọ́jọ́ yẹn, ó sì ru gbogbo ìdì rẹ̀ lọ sí àká, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Simona sọ̀kalẹ̀ wá tòun ti ànàmọ́ sísè àti ìṣáwùrú nínú abọ́.

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ìrẹsì ẹ," ó wí. "Wọn ò ní kí n má fọwọ́ kan ẹnu ẹ. Jẹun, olórí kunkun."

"O ti pẹ́ kó o tó wá."

"Mò ń gbọ́ orin ẹ látàná. Elégbè ẹ ò dáa. Ohùn ẹ̀ ti ya."

Agustina rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó jẹun lórí ìdúró, torí ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, orúnkún yẹn kò ní jẹ́ kí òun dìde. Pèpéle méjì ló ṣẹ́ kù nígbà náà. Simona wò wọ́n, ó wo oòrùn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó gbé e wá. "Ọmọ mi ń bọ̀. Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọjọ́ dáadáa. Àánú ẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín."

Àwo ò tíì kúrò lọ́wọ́ Agustina tí Rodel fi dé, ó ń sáré lórí ògiri tóóró bí ẹni tí ilé ń jó.

"Màmá, ẹ fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀. Ẹyọ kan péré. Mo bẹ̀ yín."

"Torí kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ bá gé e tán lónìí, ọ̀la ni ìsinmi ilẹ̀."

"Mo ti mọ̀ látàná," ni Agustina wí. "Ká ní ẹ bá mi gé e lánàá, òní là bá fi sinmi, ọ̀la ì bá sì jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin lẹ jókòó sílé. Ẹ fi ìdí yín ti ọjọ́ ìsinmi títí ó fi ṣubú lu àlejò yín."

"Mo lè pe gbogbo wọn wá báyìí."

"Bí wọ́n bá bá mi gé e, ó parí lónìí. Bí wọn ò bá bá mi gé e, ó parí lónìí."

Rodel wo ìrẹsì tó kù, ó wo ẹsẹ̀ Agustina. "Kò lè parí lónìí, Màmá. Ẹ wo ara yín."

"Dúró níbẹ̀ kó o máa wò mí."

Ó dúró nítòótọ́. Ó wò ó títí ó fi gé pèpéle kẹjọ tán, ó sì wò ó bó ṣe ń fà kiri nínú ìkẹsàn-án, nígbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ tó fi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tó ń gé e lórí ìkúnlẹ̀. Simona fa apá ọmọ rẹ̀, ó mú un lọ sílé. Oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí Agustina di ìdì tó kẹ́yìn. Ó gé igi eèsún méjì lẹ́bàá ọ̀nà, ó ta ewé orí wọn ní kókó, ó sì lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà abúlé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ààlè nìyẹn. Ará Ambuyaw kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ré e kọjá títí ọjọ́ náà yóò fi pé.

Ilé Agustina kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà náà. Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé àpótí síta, ó jókòó. Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí Rodel bá fa eèsún méjèèjì yẹn tu níṣojú àlejò, kò ní í sí tumona mọ́ ní Ambuyaw. Lọ́dún tó ń bọ̀, fóònù ni yóò máa sọ ọjọ́ tí ìrẹsì gbó. Síbẹ̀, kò dìde lọ bẹ̀ ẹ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni kó bá òun ṣọ́ ọ. Ààlè tí wọ́n bá ń fi èèyàn ṣọ́ ti di koríko lásán.

Àwọn àlejò dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin onífìlà funfun tó kó wọn wá láti Manila dúró níwájú eèsún náà, ó wo Rodel.

"Kí là ń dúró dè?"

"Ilẹ̀ ń sinmi lónìí, sà. Wọ́n ti ti ọ̀nà."

"Kí ni wọ́n fi tì í?"

Rodel nawọ́ sí i.

"Koríko nìyí."

"Koríko ni, sà."

"Ewúrẹ́ á fò ó kọjá."

"Ewúrẹ́ á fò ó," ni Rodel wí. "Ewúrẹ́ kì í ṣe ará ibí."

Onífìlà funfun ní kò burú, ó ní kí Rodel fà á tu nígbà náà, kó tún un rì bí wọ́n bá ń padà lọ. Agustina rí ọwọ́ Rodel tó lọ. Ó rí i tó di eèsún ọ̀tún mú ní ìdí, tí ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo abúlé wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nílé Rodel lọ́jọ́rú, wọ́n sì fẹ́ kí àlejò wọlé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe fa ààlè tu. Rodel fi í sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Onífìlà funfun rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ láti ré e kọjá fúnra rẹ̀. Rodel na apá dí i láyà.

"Rárá, sà."

"Ṣé eré lò ń ṣe ni?"

"Ẹ padà sórí òkè. Ẹ lè wò ó láti ibẹ̀."

Ariwo sọ díẹ̀. Àwọn kan bínú sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí jíìpù gbé wà, wákàtí méjì ni ìrìn náà. Àwọn tó kù jókòó sórí òkè, wọ́n ń wo wúrà tó yí ká àti ibi pípá ńlá tó wà láàárín rẹ̀, títí ìkùukùu fi bò ó. Rodel kọjá níwájú Agustina nígbà tó ń lọ sílé. Kò kí i.

"Ògiri ò ní í di títò lọ́dún yìí," ó wí, ojú rẹ̀ wà níwájú.

"Mo mọ̀," ni Agustina dá a lóhùn. "Oko tèmi náà ló máa gbẹ tẹ̀ lé e."

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Àìkú mọ́, ó fa ààlè tu, gbogbo Ambuyaw sì tú jáde tọ̀bẹtọ̀bẹ. Ìrẹsì wọn ti ń gbọ̀n sílẹ̀, kò sáyè òfófó. Agustina kò mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó rìn dé orí ògiri kan tí gbogbo ojú ti lè rí i, ó sì jókòó.

"Màmá," ni Rodel pè é láti ìsàlẹ̀, nígbà tó di bí agogo mẹ́sàn-án, "ẹ ò ní wá bá wa gé?"

"Ọwọ́ ta ni mo yá tí mo fẹ́ dá padà?"

Ìró ọ̀bẹ nìkan ló ń dún, ṣíkí, ṣíkí, láti pèpéle kan dé èkejì.

"Ẹ lọ sinmi nílé nígbà náà," ni Rodel wí. "Oòrùn ń bọ̀."

"Mi ò sọ pé ó ń rẹ̀ mí."

Oòrùn dé, ó sì mú. Agustina kò sún. Simona tó wà nínú oko ọmọ rẹ̀ gbójú sókè, ó ṣí fìlà koríko orí ara rẹ̀, ó sì jù ú sí i.

"Dé e, olórí kunkun. Bí orí ẹ bá jóná, ta ló máa sọ fún wa lọ́dún tó ń bọ̀ pé ìrẹsì ti gbó?"

Agustina hán an. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó fi bo orúnkún tó ń ro ó, ó sì fi orí sílẹ̀ fún oòrùn.