“Ẹ Jókòó, Mà”

...a ti gbọ́ kẹ̀? Kí lẹ gbọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín tán ni!

Láti àárọ̀ ni ilé-iṣẹ́ iná ti ń rojọ́ níbi ìpàdé ìtagbangba yìí, tí wọ́n ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri. Ó wá kan èmi tí ẹgbẹ́ oníbàárà rán wá, ẹnu mi ò tíì gbóná, alága ti ní, “Ẹ ṣé gan-an, Màmá wa. A ti gbọ́ yín. Ẹ jókòó, mà.”

Wọ́n fẹ́ ṣòfin kí ilé-iṣẹ́ iná lè máa já iná onílé láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìjọba ò sì lè fọwọ́ sí i láìbi ará ìlú léèrè. Èmi ni ará ìlú ọ̀hún. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sórí páálí kékeré níwájú mi: ARÁ ÌLÚ. Gbogbo ìlú, lórí àga kan ṣoṣo!

Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún àbúrò mi? Inú fíríìjì ló ń tọ́jú abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ọmọ rẹ̀ sí. Wọ́n já iná nígbà tó wà níbi iṣẹ́, ooru ba oògùn jẹ́, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àbúrò mi ní, “Àǹtí mi, ẹ má gbàgbé tèmi o. Ẹ sọ ọ́ kó dùn wọ́n.” Mi ò tíì débẹ̀... mi ò tíì débẹ̀ rárá.

Alága yìí náà ló fa àga fún mi láàárọ̀. Òun ló ṣí omi inú ike fún mi, ló ní kí ayàwòrán ya àwa méjèèjì pọ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, mo ní... Ẹ̀kọ́ wo? Kò ṣí omi fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ iná. Àyè ọ̀rọ̀ ló fún ìyẹn. Ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn, kì í jẹ níbẹ̀ — orí mi rèé!

Inú ń bí mi. Mo ṣì di gbohùngbohùn tí wọ́n ti pa mú.

“Ẹ jókòó, mà.” Ó tún sọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo aago. Akọ̀wé gbé bírò dání, kò kọ nǹkan kan. Kí ló ń dúró dè? Kí ló dé tí gbogbo wọn ń wo àga mi?

Háà.

Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ mi kọ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí, ìjókòó mi ni. Bí ìdí mi bá ti kan àga báyìí, akọ̀wé á kọ ọ́ pé ará ìlú ti gbọ́, ará ìlú ti gbà.

Orúnkún ń ro mí. Àga náà wà lẹ́yìn mi, ó rọ̀...

Mo ṣì wà lórí ìdúró.