Afárá tí Ìlà Náà Gbà Kọjá

Táyà kẹ̀kẹ́ oníbàárà ṣì ń yí lórí irin tí ó gbé e kọ́ nígbà tí Oníkẹ̀kẹ́ já síta, tí ó fò lé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, tí ó sì forí lé ọ̀nà adágún. Kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò dé akoto. Kápẹ́ńtà tó ni kẹ̀kẹ́ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Kápẹ́ńtà yìí náà ló sì fà á, láìmọ̀. Yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ó ní, "Ṣé o rántí bí o ṣe gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká lórí afárá ojú irin lọ́jọ́sí, tí o wá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn?" Oníkẹ̀kẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ sí orí afárá yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló sì rán an lọ.

Bí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe máa ń ṣe é nìyí: ẹnì kan á kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà lọ, fóònù tó so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì máa fa ìlà ọ̀nà náà sórí máàpù bó ṣe ń lọ. Bó bá délé, á fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sí àwọn yòókù, àwọn náà á máa tẹ̀ lé e. Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn gbójú lé. Òun ló mọ ibi tí ojú irin àtijọ́, tí wọ́n ti hú irin rẹ̀ kó lọ, ti yọ sí etí adágún, tó sì mọ ibi tí òkúta ti ń yọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Ìlà tó fà lórí afárá tí pákó rẹ̀ ti jẹrà náà gún régé bí èyí tó fà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí Oníkẹ̀kẹ́ fi jókòó sílé, tó fọwọ́ fa ìlà mìíràn tó yí gba inú igbó, tó yẹ afárá sílẹ̀. Èyí ló máa ń fún àwọn ènìyàn.

Kí ló wá dé tí kò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó máa ń wo ara ìgò oògùn lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi abẹ́rẹ́ fà á, ó sì gbé ìwà náà wọlé. Láti kékeré, kò sí ohun tí àbúrò rẹ̀ ṣe tí kò ní yẹ̀ wò. Bí Oníkẹ̀kẹ́ se ọbẹ̀, á tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Bó ti ilẹ̀kùn, á dìde lọ fà á wò. Lánàá, ó ní ọwọ́ òun dilẹ̀, òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ yí adágún ká, ni ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé ọ̀nà ọ̀hún dáa? Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti gbà á rí, àbí o kàn jókòó fà á sórí fóònù ni?"

Inú bí Oníkẹ̀kẹ́. "Àǹtí mi, táyà mi ni mo fi gbà á! Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé yìí, ẹ tẹ̀ lé ohun tí mo bá fún yín. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó dáa. Mo ṣèlérí, mi ò ní bi ọ́."

Kí ọ̀rọ̀ òun má baà di irọ́, Oníkẹ̀kẹ́ fi ìlà tó fi táyà rẹ̀ fà ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tó fọwọ́ fà. Inú ń bí i, kò rántí afárá rárá.

Oníkẹ̀kẹ́ ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí lórí kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń lọ. Kò wọlé. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn adágún, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń fi ìyẹn yangàn fáwọn ará ìlú ńlá pé ibẹ̀ parọ́rọ́.

Ó já gba orí ògiri tí wọ́n fi sé omi adágún níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má gbà. Omi wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì. Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, ó fa bíréèkì jù, òkúta wẹ́wẹ́ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìgúnpá balẹ̀. Ṣéènì bọ́. Òun tó máa ń fi ṣéènì sí láìwò ní láti kì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọlé. Ó bú ṣéènì, ó bú ara rẹ̀, ó tún fò lé kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ adágún jókòó níwájú yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń bó ọsàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí obìnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́, tó wọ ẹ̀wù pupa?"

"Ó ti kọjá tipẹ́, ọmọ mi. Mo ní kó má gba ojú irin. Ó juwọ́ sí mi, ó ní àbúrò òun ló fi ọ̀nà han òun."

Kò dúró dúpẹ́.

Ojú irin àtijọ́ lọ tààrà láàárín igi. Ojú táyà kan ṣoṣo ló wà nínú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, Oníkẹ̀kẹ́ sì mọ̀ ọ́n, torí òun ló fi táyà ọ̀hún sí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú táyà náà kò dúró níbì kankan, kò yà síbì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run: kó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ pé ó ti bínú padà sílé, kó jókòó síbẹ̀ kó máa bú mi títí di ọdún tó ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rí. Táyà iwájú ti rì sáàárín pákó afárá, ìdí rẹ̀ sì dúró sókè. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀wù pupa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí irin tó wà létí afárá, ó fi apá méjèèjì gbá òpó mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ojúgun rẹ̀. Omi dúdú wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Àǹtí mi!"

"Má sáré." Ohùn tó fi máa ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́. "Pákó iwájú rẹ yẹn ti fọ́. Ẹnì kan péré ló yẹ kó ya wèrè lónìí."

Oníkẹ̀kẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí irin títí ọwọ́ rẹ̀ fi tó èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dì í mú. Wọ́n ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, èkíní ń sọ ibi tí èkejì máa fi ẹsẹ̀ sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n kan kẹ̀kẹ́, pákó dún, kẹ̀kẹ́ sì jábọ́ pátápátá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ omi. Wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ títí wọ́n fi tẹ ilẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ tú ìborùn ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi di ojúgun rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ń dúró de èébú. Ó tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

"Mo rí i," ni ẹ̀gbọ́n wí nígbà tó yá. "Mo rí i pé pákó náà ti jẹrà. Mo dúró, mo ní kí n pè ọ́, kò wọlé. Mo ní kí n padà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo wá ní rárá, ó sọ fún mi pé táyà òun lòun fi gba ibẹ̀. Tí mo bá padà, á ní mi ò gba òun gbọ́ rí láyé òun."

"Mi ò gùn ún kọjá, Àǹtí. Mo gbé e lé èjìká ni."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Kò bú u. Ó na ọwọ́ sí i pé kó fa òun dìde.

Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, Oníkẹ̀kẹ́ ń ti kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó kù. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì nínú igbó, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká yà sọ́wọ́ òsì." Kíá ni ẹ̀gbọ́n yà, ó ń tiro lọ, kò tiẹ̀ wo ibi tí ọ̀nà náà gbà. Ohun tí Oníkẹ̀kẹ́ ti ń fẹ́ láti kékeré rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé òun láìbi òun ní nǹkan kan, àmọ́ àyà rẹ̀ já ju ti orí afárá lọ.

"Ẹ dúró ná," ló wí. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà wò díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ó ti gba ibẹ̀ láìmọye ìgbà. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì dúró níbi tó fi í sí, ó ń retí kó ní kóun máa bọ̀.