Orúkọ Ẹgbẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Mi

...àbí kí n kàn fọwọ́ sí i kó tán. Aago márùn-ún ni ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ máa tilẹ̀kùn, òní sì ni ọjọ́ tó kẹ́yìn téèyàn lè yí ẹgbẹ́ òṣèlú padà kí ìdìbò abẹ́lé tó dé. Fọ́ọ̀mù pélébé. Bírò kan. Kí ló wá le níbẹ̀?

Verna ló le níbẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ló ti wà nínú ilẹ̀, mo ṣì ń...

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó mi fi jókòó sídìí tábìlì ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná, tó ń fún ará àdúgbò ní ìwé ìbò abẹ́lé. Ti Dẹmókíráátì fún Dẹmókíráátì, ti Ripọ́búlíkà fún Ripọ́búlíkà, kálukú lójú gbogbo èèyàn. Kì í bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́. Á ti na ti Dẹmókíráátì sí mi kí n tó dé iwájú rẹ̀. Mo ń gbà á. Tó bá wá di oṣù Kọkànlá, ní kọ̀rọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò ti rí mi, Ripọ́búlíkà ni mò ń dìbò fún. Ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí... rárá, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mi ò sọ fún un. A jọ ń rìn lọ sílé, à ń sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò.

Bàbá mi ní ẹgbẹ́ méjì ló wà: ti ẹni tó ń wa èédú àti ti ẹni tó ni kòtò. Ó rọrùn nígbà náà. Wọ́n ti dí kòtò pa. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ Dẹmókíráátì, ẹgbẹ́ bàbá mi, báyìí, ta ló ti yọ èédú kúrò lábẹ́ èékánná rí nínú wọn? Àwọn tọ̀hún, tó jẹ́ pé ọlọ́rọ̀ nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn tẹ́lẹ̀, àwọn ló wá ń pariwo òṣìṣẹ́, owó ibodè lórí irin ilẹ̀ òkèèrè... Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ. Àbí ilé ni wọ́n pààrọ̀. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, ta ló mọ ohun tí wọ́n máa dà?

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kúrò nínú ẹgbẹ́, Bàbá. Ẹgbẹ́ ló kúrò lọ́dọ̀ yín." Kurt, ọkọ ọmọ mi, ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, oúnjẹ hálúskì kún ẹnu rẹ̀. Ọmọ mi dá a lóhùn: "Kurt, jẹun ẹ. Omijé ikú Màmá ò tíì gbẹ lójú wa." Stush ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀: "Fọwọ́ sí i jàre, Ambrose. Ìdajì àdúgbò ti lọ. O wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lọ."

Mo ti ba fọ́ọ̀mù yìí jẹ́. Ọjọ́ ìbí Verna ni mo kọ síbi tó yẹ kí n kọ tèmi. Kò burú. Òun ló ń kó fọ́ọ̀mù wálé, ó yẹ kó ku díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀... Eléyìí... wọ́n ti kọ nǹkan sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni. Verna Hudak. Ó ti fàlà sínú àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: kò sí ẹgbẹ́ kankan. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti lé lọ́dún méjì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ tán — ibi ìfọwọ́sí nìkan ló ṣófo.

Kò fẹ́ ẹgbẹ́ bàbá mi mọ́. Kò sì fẹ́ tàwọn tọ̀hún. Níbo ló wá ń lọ? Ọdún méjì. A jọ ń jẹun lórí tábìlì yìí lójoojúmọ́, a jọ —

Kí ló dá a dúró? Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń pín ìwé? Rárá, Verna kì í ka ọ̀rọ̀ wọn sí; ẹnu ọ̀nà ló ti máa dá wọn lóhùn. Aago mẹ́rin ti kọjá. Bírò wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Èmi rò pé nítorí kó má bàa dùn ún ni mo ṣe fi ọ̀rọ̀ ìbò mi pamọ́ fún un. Òun náà fi tiẹ̀ pamọ́ fún mi...

Èmi ni Verna ń bẹ̀rù.