Ààlà Tó Gba Pálọ̀ Ọmọ́kẹ́mi Kọjá

Nígbà tí àwọn aṣòfin tún máàpù ìdìbò yà, ààlà tuntun náà gba àárín ilé Ọmọ́kẹ́mi kọjá. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ilé o, kì í sì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ó gba ojú fèrèsé pálọ̀ wọlé, ó gba abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó la àga gígùn sí méjì, ó sì gba ara ògiri balùwẹ̀ jáde. Àwọn tó ya máàpù ní ipa odò kékeré kan làwọn tẹ̀ lé. Odò náà ti gbẹ kí wọ́n tó kọ́ ilé kankan sí àdúgbò náà ní Springdale, ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ nínú kọ̀mpútà wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé kan ṣoṣo ṣe di ti aṣojú méjì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Wáṣíńtọ̀nì. Ilé ìdáná àti yàrá kékeré bọ́ sí àgbègbè Àríwá. Yàrá ńlá, níbi tí ibùsùn wà, bọ́ sí àgbègbè Gúúsù. Adédàmọ́lá, ọkọ Ọmọ́kẹ́mi, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kẹ́mi, tí òùngbẹ bá gbẹ mí lóru, ìrìn àjò ni mo máa lọ yẹn o."

Ọmọ́kẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Oyún wà nínú rẹ̀, oyún àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ti gbààwẹ̀ lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Olúwa tó ṣí inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń tọrọ: kí ìyá rẹ̀ dé láti Ìbàdàn kí òun tó bímọ, kí ó wá wẹ ọmọ náà fún un bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, kí ó fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, kí ó na ọmọ lápá, kí ó nà án lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Ọmọ́kẹ́mi fúnra rẹ̀. Ó ti wẹ ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti ro ti ọmọ tirẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń rí nínú omi náà.

Ìyá ti tọrọ físà. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un láti wá dáhùn ìbéèrè ní ọ́fíìsì àwọn Amẹ́ríkà ní Èkó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà yẹn, ọmọ á ti máa sáré kiri.

Fẹ́yìsayọ̀, ìyá ìjọ wọn, ló mú ìmọ̀ràn wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan.

"Ọmọ mi, aṣojú yín lè kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n fa ọjọ́ náà súnmọ́. Wọ́n ṣe é fún ọmọ àbúrò mi ní Cheverly."

"Aṣojú wo nínú àwọn méjèèjì, ma?"

"Àwọn méjèèjì ni! Àbí o ti gbàgbé ilé? Nígbà tí mò ń wá iṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́, mo bẹ káńsílọ̀, mo bẹ ìyàwó káńsílọ̀, mo tún lọ bẹ àlùfáà tó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo wọn ni mo bẹ̀, olúkúlùkù fẹ́ kó jẹ́ òun lòun ṣe é."

Ọmọ́kẹ́mi gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Ó kọ̀wé sí Àríwá, ó kọ̀wé sí Gúúsù, ó sì sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé òun ti kọ sí èkejì. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn èèyàn Wáṣíńtọ̀nì kì í ṣe bí káńsílọ̀ Ọ̀yọ́. Àríwá dáhùn pé àwọn bọ̀wọ̀ fún aṣojú Gúúsù, àwọn ò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan náà, Gúúsù dáhùn pé àwọn bọ̀wọ̀ fún aṣojú Àríwá. Ńṣe ló dà bí àgbà méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí olúkúlùkù ń sọ pé, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé, sà," tí òjò sì ń pa ọmọ tí wọ́n gbé dání.

Ó pe Gúúsù, ẹ̀rọ ló gbé e. Ó pe Àríwá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zoe gbé e, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin.

"Màdáámù, a máa ran yín lọ́wọ́ tí ilé yín bá jẹ́ tiwa. Níbo lẹ ti ń sùn lálẹ́?"

"N kì í sùn lálẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe."

"Ó yé mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń sùn lálẹ́, níbo ni?"

"Tí mo bá ń sùn lálẹ́, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

Zoe tẹ nǹkan sínú kọ̀mpútà rẹ̀. Ó ní kọ̀mpútà àwọn kò ní àyè fún ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, nítorí náà, ibi tí ibùsùn bá wà ni àwọn máa kọ sílẹ̀.

Àfi bí Adédàmọ́lá ṣe dìde tó gbé ibùsùn lọ sí Àríwá nìyẹn. Orin ìyìn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú bó ṣe ń tì í gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá kékeré náà kò gbà á dáadáa. Ilẹ̀kùn kò ṣe é pa dé, ọkọ sì ní láti gun orí ibùsùn kọjá kó tó lè mú ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Zoe. Inú Zoe dùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí Àríwá!"

Kí lẹ́tà tó kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ilé ẹjọ́ ní máàpù náà kò dáa, kí wọ́n tún un yà. Wọ́n tún un yà. Ààlà yí pátápátá nínú ilé náà bí ẹni tí oorun kò kùn. Yàrá kékeré di Gúúsù, yàrá ńlá di Àríwá.

Zoe pè. "Màdáámù, ó dùn wá gan-an. A ti pàdánù bẹ́ẹ̀dì yín."

Adédàmọ́lá tún gbé e padà sí yàrá ńlá. Kò tíì gbé irọ̀rí lé e tán tí wọ́n fi ké sí wọn pé àwọn tó tún un yà ti gba àṣìṣe wọn, ààlà ti padà sí ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò kọrin. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Kẹ́mi, mo ti rò ó. Àárín pálọ̀ ni mo máa gbé e sí báyìí. Ibi yòówù kí ààlà yìí yí sí, yóò bá wa níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn ṣe di ti àárín pálọ̀, ìdajì ní Àríwá, ìdajì ní Gúúsù. Ọ́fíìsì méjèèjì sì sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, àwọn máa wá fi ojú ara àwọn wò ó.

Wọ́n wá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọmọ́kẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá ìjọ ti jókòó sórí àga lápá Àríwá, ó gbé àwo púfù-púfù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Zoe fi báńdéèjì funfun fa ààlà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró sí apá tirẹ̀. Ẹni tí Gúúsù rán wá ń jẹ́ Muadh. Ọmọ Mọ̀nsúrát ni, nọ́ọ̀sì kan tí òun àti Ọmọ́kẹ́mi jọ ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó dúró sí Gúúsù, ó tẹríba lókèèrè.

"Ẹ káàárọ̀, ma."

Ìyá ìjọ wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí àgbà?"

"Ẹ má bínú, ma. Mi ò láṣẹ níbẹ̀ yẹn."

"O ò láṣẹ láti dọ̀bálẹ̀?"

Ojú ti Muadh. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọmọ gíga ni, orí rẹ̀ sì ré ààlà kọjá. Zoe bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Orí yín ti wọ àgbègbè wa o."

Muadh yára fa orí rẹ̀ padà. Ó tún wo púfù-púfù tó wà ní Àríwá, bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ ìlérí láti òdìkejì Jọ́dánì.

Wọ́n ní kí Ọmọ́kẹ́mi dùbúlẹ̀ bó ṣe máa ń sùn. Ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò jiyàn. Nígbà tó dùbúlẹ̀, orí àti èjìká rẹ̀ wà ní Àríwá, ikùn rẹ̀ wà ní Gúúsù.

"Ó dáa," ni Zoe wí. "Nítorí ọmọ inú ikùn ni wọ́n ṣe kọ̀wé. Ikùn sì wà lọ́dọ̀ yín. A fi í sílẹ̀ fún yín."

"Ká má rí i," ni Muadh dáhùn. "Orí ló kọ̀wé. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, orí lẹni. Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. A bọ̀wọ̀ fún yín."

Ìyá ìjọ fò dìde. "Yí padà, ọmọ mi! Gbé orí síbi ẹsẹ̀!"

Ọmọ́kẹ́mi mí kanlẹ̀, ó yí padà. Orí bọ́ sí Gúúsù, ikùn bọ́ sí Àríwá.

Zoe ronú. "Nígbà tí mo tún wò ó, orí ló kọ̀wé lóòótọ́."

"Èmi náà ti tún un rò," ni Muadh wí. "Nítorí ọmọ inú ikùn ni."

Ọmọ náà ta nínú ikùn, aṣọ mì. Ìyá ìjọ nàka. "Ó ti sọdá! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Ma, ṣé ó ti padà ni àbí ó ṣì wà níbẹ̀?" Muadh ti mú bírò jáde.

Ọmọ́kẹ́mi dìde jókòó. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ló kọ́kọ́ wẹ̀ yín nígbà tí wọ́n bí yín?"

Muadh gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Adédàmọ́lá yọ orí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá àgbà mi," ni Muadh sọ. "Mọ́mì sọ fún mi. Wọ́n ti Ọ̀yọ́ wá. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n ń jù mí sókè, tí Mọ́mì ń ké pé wọn ò gbọdọ̀ ju ọmọ sókè ní Amẹ́ríkà."

"Ìyá màmá mi ní Forestville ni," ni Zoe wí. "Inú abọ́ ìfọṣọ. Abọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á fi hàn mí, wọ́n á ní, wò ó, inú eléyìí gbà ọ́ rí."

"Ìyá mi wà ní Ìbàdàn," ni Ọmọ́kẹ́mi wí. "Ó ti ra ọṣẹ. Ó ti ra àdí. Gbogbo àárọ̀ ló ń pè mí pé ṣé àwọn èèyàn yín ti dáhùn. N ò mọ èwo nínú yín ni èèyàn mi."

Muadh wo Zoe, Zoe wo Muadh.

"Àwa máa kọ ọ́," ni Zoe wí.

"Rárá, àwa ni. Ẹ wo ibi tí orí wọn wà."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ikùn ni!"

"Mo ti yí ọkàn padà. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún orí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà du ohun tí wọ́n ti ń tì síra wọn láti ìgbà yìí wá. Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Kí wọ́n tó jáde, Muadh ti jókòó ní Àríwá láìmọ̀, púfù-púfù ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń kọ lẹ́tà lórí fóònù rẹ̀ kí Zoe tó kọ tirẹ̀ tán. Ìyá ìjọ rọra sọ fún Adédàmọ́lá pé, "Ṣé o ti rí i báyìí? Àwọn méjèèjì ni mo ní kẹ́ ẹ bẹ̀."

Lẹ́tà méjì dé Èkó. Wọ́n sì fa ọjọ́ náà súnmọ́. Nígbà tí ìyá dáhùn ìbéèrè wọn tán, ó pe ọmọ rẹ̀ láti ìta ọ́fíìsì náà, ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ́kẹ́mi, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn gan-an? Ọmọkùnrin òyìnbó tó wà lẹ́nu fèrèsé ní aṣojú méjì ló kọ̀wé nípa mi, ẹni tó rí ọ̀kan pàápàá kò wọ́pọ̀. Ó ní, màmá, ilé méjì lẹ ń lọ ni? Mo ní ilé kan ni, ilé ọmọ mi. Ó ní apá ibo lẹ máa wà, Àríwá àbí Gúúsù? Mo wò ó títí."

"Kí lẹ wá sọ, Mọ́mì?"

"Mo ní, ọmọ mi, ibi tí omi gbígbóná bá wà."

"Kí ló wá wí?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ, wọ́n á fi ìwé ìrìnnà mi tòun ti físà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìyàwó tòun náà lóyún. Mo ní kó máa fún un ní omi ẹja mu."

Ọmọ́kẹ́mi kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tó wà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, láìwo apá ibi tí eékún rẹ̀ bọ́ sí.

Ìyá dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbímọ. Kò tíì bọ́ bàtà tán tó fi rí ibùsùn ní àárín pálọ̀.

"Adédàmọ́lá."

"Mọ́mì."

"Yàrá mélòó ló wà nínú ilé yìí?"

Ó fẹ́ ṣàlàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí odò tó gbẹ, ó dé orí ilé ẹjọ́, ìyá sì fi sùúrù gbọ́ ọ tán.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti ṣe tiwọn. Ó yá, di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn mú."

Ní àárọ̀ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin tí Ọmọ́kẹ́mi bí dé láti ilé ìwòsàn, ìyá gbé e sórí itan nínú balùwẹ̀, ó bu omi sí i lára, ọmọ sì fi igbe ta. Ìgbà náà gan-an ni fóònù dún. Zoe ni. Ó ní wọ́n tún ti ya máàpù, ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì, òun fẹ́ mọ apá ibi tí ọmọ tuntun wà kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Zoe, ọmọ dáadáa," ni Ọmọ́kẹ́mi wí, "pè mí padà tó bá yá. À ń wẹ ọmọ lọ́wọ́."