Àárín Òkìtì Àpò Àgbàdo

Ọdún mọ́kànlá ni Tamanda Kachale ti lò ní ọ́fíìsì àwọn aṣàyẹ̀wò ìṣirò tí Bàbá Mwenifumbo dá sílẹ̀ ní Limbe, ní orílẹ̀-èdè Màláwì. Ó ti yege gbogbo ìdánwò. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò fi ọ̀rọ̀ bò fún un:

"Ìwé mímọ̀ nìkan kò lè sọ ọ́ di alábàáṣe mi. Mú oníbàárà mẹ́ta wá, kí n kọ orúkọ rẹ mọ́ tèmi lẹ́nu ọ̀nà."

Ó ti mú méjì wá. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ alágbàdo kan. Sitolo, ọkọ àbúrò ìyá rẹ̀, ni ọ̀gá ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọdún ìṣirò wọn parí, Tamanda lọ ka àpò inú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni pé èèyàn á dúró nílẹ̀, á ka àpò ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, á wá ṣe ìsọdipúpọ̀. Ó kà á. Ó bá ìwé mu géérégé.

Ó ti yọ bírò nígbà tó rí i pé orí àwọn òkìtì àpò tó kù ni àwọn alábàárù jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ nsima, òkèlè àgbàdo wọn. Kò sẹ́nì kankan lórí èyí tó ga jù.

"Ẹ bá mi gbé àkàbà wá."

Sitolo rẹ́rìn-ín. "Tamanda, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì yẹn? Ṣé o ti di ológbò ni?"

"Ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Bàbá."

Ó gùn ún. Ó ká tapólì tó wà lórí rẹ̀. Ihò ńlá ló wà láàárín àwọn àpò, ó lọ tààrà dé ilẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Sitolo kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọmọ mi, èmi ni mo gbé iṣẹ́ yìí fún ọ. Ta ló máa ń wo òkè?"

"Mo ti wò ó, Bàbá."

Ó kọ ohun tó rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ náà fi kọ lẹ́tà pé àwọn ti gba aṣàyẹ̀wò mìíràn. Àbúrò ìyá rẹ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Bàbá Mwenifumbo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Oníbàárà méjì péré ló kù fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò lè ṣeé ṣe lọ́dún yìí nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún àwọn tó ṣáájú rẹ náà nìyẹn."

"Mo mọ̀, sà." Ó dìde.

"Dúró ná." Bàbá náà ń wo pẹpẹ tí fáìlì àwọn ilé ìkẹ́rùsí mìíràn wà, gbogbo èyí tó ti buwọ́ lù. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi ka àpò. Mi ò gun orí òkìtì kankan wò rí."

Ó fa ọ̀kan nínú àwọn fáìlì náà yọ.

"Àkàbà yẹn, báwo ló ṣe gùn tó?"