Irun Funfun Inú Bébà

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára débi pé ọwọ́ wọn a ti ṣe é tán kí ọkàn wọn tó dé ibẹ̀. Irú wọn ni Isaburo, bàbá aṣebébà tó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ yẹn ló fà á.

Nígbà tí yìnyín ọdún tó kọjá ń yọ́ ni Towa ìyàwó rẹ̀ kú. Láyé Towa, òun ló máa ń lóṣòó létí odò nínú òtútù burúkú, tí yóò máa ṣa ìdọ̀tí kúrò lára èèpo igi. Isaburo a gún èèpo náà, a pò ó mọ́ omi nínú ọpọ́n ńlá, a fi asẹ́ ọparun gbọ́n ọn ní pẹlẹbẹ, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó kó gbẹ. Bébà tí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀, wọn kì í tà á, wọn kì í sun ún. Wọn a rẹ ẹ́ sómi, wọn a tún un gún, a sì padà sínú ọpọ́n.

Irun ni Isaburo kórìíra jù. Lédè wọn, kámì ni bébà, kámì ni irun orí, kámì náà sì ni òòṣà. Towa a máa fi yọ ọ́ lẹ́nu pé, "Ọkọ mi, ẹ ń bọ kámì inú ọpọ́n, èyí tó wà lórí tèmi lẹ ń bú." Isaburo kì í rẹ́rìn-ín. "Wé gèlè ẹ dáadáa," ni yóò wí.

Òtútù tún dé, ilé dá páropáro. Isaburo ṣì ń se ìrẹsì ẹni méjì, a sì jẹ ìyókù ní tútù láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kó bébà tó kù láti ọdún tó kọjá síta, ó ń gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jù kan sínú omi, ó ti ọwọ́ bọ òmíràn. Nígbà tó yá, ó gún èyí tó bàjẹ́, ó dà á sínú ọpọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mitsue aládùúgbò rẹ̀, tó ń bá a ṣa èèpo báyìí, wọlé. Isaburo ń ro ọpọ́n, ó ń kùn.

"Mitsue, o ò mójú tó iṣẹ́. Irun wà nínú bébà tí mo jù sómi lánàá, ó gùn gbọọrọ, ó funfun."

"Bàbá, ẹ má gbé e kọ́ mi lọ́rùn o. Irun tèmi dúdú. Ẹ̀yin náà, apárí ni yín. Ọdún tó kọjá la ṣe bébà yẹn. Ìyá, ìyàwó yín, ló ṣà á."

Igi ìropọ́n dúró lọ́wọ́ Isaburo.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́n bébà títí omi ọpọ́n fi mọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń gbẹ, ó ń gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ́.

"Ìdọ̀tí lẹ ń wá?" ni Mitsue bi í.

"Ìyàwó mi ni mò ń wá."

Mitsue náà mú bébà kan, ó ń bá a wò ó. Wọn ò rí nǹkan kan.

Nígbà tó ṣe, oníṣòwò bébà dé láti ìlú. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó fi ìyanu mi orí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò rí èyí tó mọ́ tó báyìí lọ́wọ́ yín rí. Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́."

Isaburo rọra gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tò ó mọ́ ìyókù.

"Kì í ṣe títà," ló wí. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ó lè wà nínú ọ̀kan."